Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Pe Orúkọ Mi

Èmi, Ferroudja Aït Amar, òǹkọ̀wé, ọmọ abúlé Ighil Oufella, ni mo ń sọ ìfẹ́ inú mi síhìn-ín. Orí mi pé, kò sì sí ẹni tó tì mí. Lila Mezhoud tí ẹ ń rí lára àwọn ìwé mi, orúkọ àyálò ni. Kí Malha, aládùúgbò mi, mójú tó ìhágún yìí, nítorí kì í gbàgbé, kì í sì í bẹ̀rù ọkùnrin.

1. Ilé mi kò sí nínú ogún. Mo ti fi ta Sekoura, ọmọ mi kan ṣoṣo, lọ́rẹ lójú akọ̀wé òfin. Òfin wa ní bí obìnrin bá kú láìbí ọkùnrin, arákùnrin rẹ̀ yóò bá ọmọbìnrin rẹ̀ pín ogún náà. Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ̀wé ta ko òfin yẹn. N kò ní jẹ́ kó wá jókòó sí pálọ̀ mi lẹ́yìn ikú mi.

2. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, Sekoura ló ni ín.

3. Malha ni kó kó àwọn ewúrẹ́ mi. Dúdú inú wọn ti jẹ kúskús, oúnjẹ ọkà wa, tí Malha sá sóòrùn rí. Ó ní, "Ferroudja, ewúrẹ́ rẹ yìí fìwà jọ ọ́, kò mọ ààlà!" Ó mọ irú ẹni tó ń gbà sílé nìyẹn.

4. Àwọn igi ólífì ẹ̀bá odò, tí mo fi owó ìwé rà, ti ẹ̀gbọ́n mi ni, Belaïd, tí mo ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Dda Belaïd, bí ó bá ṣe ohun kan.

Ọkùnrin abúlé wa kì í dárúkọ obìnrin ilé rẹ̀ láàárín ọkùnrin, pàápàá nílé kọfí tí wọ́n ti ń pàdé. Nígbà tí ìwé mi àkọ́kọ́ fẹ́ jáde, bàbá wa ní, "Máa kọ ọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má gbé orúkọ rẹ lọ sílé kọfí." Ìdí tí mo fi yá orúkọ nìyẹn. Bàbá kú tán, ẹ̀gbọ́n mi di àṣà náà mú. Wọ́n bi í nílé kọfí pé ta ló kọ ìwé tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Ó ní, "Ẹnì kan nílé wa ni." Inú bí mi gan-an. Bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń pọ̀n mí la òjò dídì kọjá lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kọfí, kí ó ní, "Ferroudja, àbúrò mi, ti kú." Bí kò bá lè sọ ọ́, kí àwọn obìnrin tó ń ká ólífì pín igi náà.

Akọ̀wé òfin ní ẹni tó ń jogún kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ilé mi nìkan ló kan akọ̀wé, ìyẹn sì ti parí. Èyí tó kù di ọwọ́ àwọn tó mọ̀ mí, bí wọ́n tilẹ̀ ń jogún.

Mo fọwọ́ sí i: Ferroudja Aït Amar. Ighil Oufella, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Ẹlẹ́rìí: Malha Oukaci. Mo gba ewúrẹ́ náà, àfi dúdú.

Ẹlẹ́rìí: Belaïd Aït Amar. Ó kà á sí mi létí lánàá, mo sì jáde láìfọwọ́ sí i. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kọfí, mo ní Ferroudja, àbúrò mi, ló kọ ìwé wọ̀nyẹn. N kò fẹ́ dúró dìgbà tó bá kú. Mo tún orúkọ rẹ̀ pè.