Afárá Tí A Fi Òpó Iná Kàn

Mitya ọmọ mi,

Mo tẹríba fún Ọlọ́run tó ń bẹ nínú rẹ, mo kí Tamara ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òjò Vancouver wọ̀ yín lára. Ìyá rẹ ń bèèrè bóyá o ń jẹun. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le dáadáa.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ, pé bí afárá odò wa kò bá dúró ire kí yìnyín tó bọ́, o máa wá kó wa lọ sí ilé àwọn arúgbó, nítorí nọ́ọ̀sì Bernadette tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti ní òun kò gun pákó jíjẹrà yẹn mọ́. Ọmọ mi, ọdún méjìlélógójì ni mo ti wà nílé yìí, mi ò lọ síbìkan. Pákó ni mo wá lọ.

Ilé iṣẹ́ iná ń yọ àwọn òpó kédárì àtijọ́ lójú títì wa, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n kọ fọ́ọ̀mù lórí fóònù. Mo kọ ọ́. Ni wọ́n bá kó àwòrán mẹ́sàn-án jáde, pé kí n fọwọ́ kan gbogbo èyí tí òpó bá wà nínú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn ni mí. Mo mọ̀ pé ìdánwò iṣẹ́ ni, torí ta ni yóò kó òpó fún ẹni tí kò mọ òpó? Mo fọwọ́ kan mẹ́ta, mo fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀ nítorí ìdí rẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n ní mo kùnà. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n dán mi wò, mo ń ṣàlàyé fún wọn sókè, wọn ò gbọ́. Ìyá rẹ ní kí n fọwọ́ kan èyí tó jẹrà náà, kí n jẹ́ kí ilé sinmi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo yege. Ọ̀gá wọn kò mọ igi rárá.

Wọ́n kó òpó mọ́kànlá wá. Gust Lindqvist aládùúgbò wa fi ọkọ̀ fa ẹ̀rọ ìlagi rẹ̀ kékeré dé, a gé ìdí tí wọ́n fi ọ̀dà olóró kùn kúrò, nítorí omi odò yẹn là ń mu. Inú igi náà pupa, ó ń ta sánsán. Àmọ́ ìṣó! Ẹni tó ń ta màlúù, ẹni tó ń du ipò, ara òpó ni gbogbo wọn ń kan ìwé mọ́. Ayùn kan já. Gust yọ ìṣó náà, ó wò ó, ó wò mí, ó ní Larion, ìwọ yìí náà ni, ta ló tún ń fi ìṣó pátákò ẹṣin kan ìwé láyé yìí? Òótọ́ ni, Mitya, èmi ni mo fi kan ìwé nígbà tí ajá rẹ sọnù. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ṣebí ajá náà padà wá.

Nígbà tí ayùn kejì já, Gust ní òun ń lọ sílé. Mo ní kó lọ jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti àwọn òpó yẹn, mo ń fọwọ́ wá ìṣó, mo ń fà á yọ, títí èékánná mi fi dúdú. Ó padà wá, a la gbogbo rẹ̀, a kan afárá.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bernadette dá mọ́tò dúró ní òdìkejì, ó ní òun lọ́mọ nílé o, kí ẹnìkan kọ́kọ́ gùn ún kí òun rí i. Mo ṣì ń wá bàtà ni mo rí ìyá rẹ, tí kò jáde sí ìta láti Ọdún Àjíǹde, tó ń bọ̀ tòun tọ̀pá, búrẹ́dì lábíyá, iyọ̀ àti ìgò omi nínú àpò, bí àwa ti ń fi wọ́n kí àlejò káàbọ̀. Ó dé àárín, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn gan-an tẹ pákó gììrì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Bernadette ọmọ mi, máa bọ̀, bí ó bá máa já ni, ì bá ti já báyìí. Mitya, mo sunkún. Bernadette wa mọ́tò kọjá, pákó kan kò mì.

Jọ̀wọ́, fi owó ayùn méjì ránṣẹ́ kí n lè san án padà fún Gust. Má fi í gba inú fóònù, nítorí fóònù náà já bọ́ sínú lẹ́búlẹ́bú igi, mi ò fẹ́ kí owó náà dọ̀tí.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ yín, yóò ṣọ́ àbọ̀ yín. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má wá kó wa. Ẹ wá kí wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Larion Chernenkoff