Góòlù Tó Wọlé Nígbà Tí Wọ́n Ń Yan Sọ́sééjì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án

Òdo sí òdo. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Odindi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, a ò gbá nǹkan kan sáwọ̀n, wọn ò gbá nǹkan kan sáwọ̀n wa. Èrò ò ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdajì wọn ti dìde, wọ́n ń sáré lọ sídìí mọ́tò kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká wọn mọ́. Súnkẹrẹ wo? Ní Akron yìí?

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Alágbẹ̀dẹ. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọ̀gá Mọ́tò pè wá sípàdé. Dwight Stambaugh lorúkọ rẹ̀, àmọ́ mọ́tò ló ń tà kó tó ra ẹgbẹ́ wa, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣì ń tà á. Ó ní àwọn kan ní ìlú Boise, lọ́hùn-ún ní Idaho, ń wá ẹgbẹ́ rà. Bí èrò ò bá pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ́jọ́ eré tó gbẹ̀yìn tí a máa gbá nílé, ìyẹn ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, òun á ta ẹgbẹ́ fún wọn, wọ́n á sì kó o lọ. Àtagbábọ́ọ̀lù, àtaṣọ, àtorúkọ. Bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn — ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ìlú, ti ẹni tó rà á ni. Láti kékeré ni mo ti mọ̀.

Ó tún ní, "Connie, góòlù làwọn èèyàn wa fẹ́. Ṣé a ò wá lè fẹ ojú ilé góòlù yẹn sí i díẹ̀ ni?" Mo ní àwọn tó ń ṣòfin eré ò ní gbà láéláé. Ó ní, "Ṣé o ti bi wọ́n?"

Ọlọ́run, fún mi ní sùúrù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ó ti ra àgbá. Àgbá onírin tí wọ́n fi ń jagun láyé ọjọ́un! A ó máa yìn ín bí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bàbá arúgbó méjì tó wọṣọ ológun àtijọ́ ló ń ṣọ́ ọ. Bí a bá sì gbá mẹ́ta wọlé, gbogbo èrò á jẹ sọ́sééjì lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́ta! Láti oṣù Karùn-ún, a ò gbá mẹ́ta wọlé rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Òdo sí òdo. Àgbá ò dún. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ọ sùn lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo jẹun ọ̀sán nílé Bàbá. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣe táyà ní ilé iṣẹ́, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì fi ń wo bọ́ọ̀lù àgbésáré — èyí tí a bí gbogbo wa bá, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá, tí wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí mẹ́rìnlélógún làwọn tirẹ̀ fi jẹ. Ó wá bi mí pé tiwa ńkọ́, ta ló jẹ. Mo ní ọ̀mì ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Òdo sí òdo! Ẹ ò bá ti kúkú jókòó sílé yín. Òdo náà ni ì bá ṣì jẹ́!"

Mo ki ọ̀dùnkún bọ ẹnu kí n má baà fèsì. Àgbà ni, bàbá mi sì ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ sunkún. Rárá, mo fẹ́ lu èèyàn.

A gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n! Ìṣẹ́jú kejì péré! Ta ló rí i? Bóyá ẹgbẹ̀ta èèyàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù wà níta níbi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn mọ́tò sílẹ̀, wọ́n ń yan sọ́sééjì, wọ́n ń mu bíà. Àṣà bọ́ọ̀lù àgbésáré nìyẹn: eré á lé ní wákàtí mẹ́ta, ẹni tó bá pẹ́ wọlé ò pàdánù nǹkan kan, wọ́n á ṣì máa jẹ ayò lọ. Wọ́n gbọ́ àgbá. Wọ́n gbé bíà sókè, wọ́n hó yèè, wọ́n sì padà sídìí ẹran wọn. Góòlù kan ṣoṣo láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ìgbà tí wọ́n máa fi nu ẹnu wọlé, ó ti parí. Kò sí òmíràn.

Ọkùnrin kan tó fi ọ̀dà pupa kun gbogbo ojú wá bá mi ní fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò ṣeé tún gbá ni?" Mo ní kí ni? "Góòlù yẹn. Ẹ bá wa bẹ rẹfirí. A ò tíì wọlé nígbà yẹn." Kò ṣàwàdà o. Mo pa fèrèsé dé.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́ oṣù

Mo lẹ ìwé mọ́ gbogbo òpó ìgbọ́kọ̀sí: kí iná ààrò kú ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú eré. Kó tó di ọ̀sán, lẹ́tà èébú mẹ́tàléláàdọ́ta ti dé sórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹnì kan pè mí ní ọ̀tá òmìnira.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá

A ti ta tíkẹ́ẹ̀tì 2,600 fún eré tó gbẹ̀yìn yẹn. Kò tó.

Tek Gurung wá lónìí. Òun àtàwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n lé kúrò ní Bhutan nígbà kan, ló ń kọrin lẹ́yìn ilé góòlù láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ra irinwó tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo àdúgbò wọn ní North Hill. Ó ní, "Àǹtí Connie, ẹ fi góòlù sílẹ̀. Ẹ̀ ń ṣèlérí ohun tí kò sọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wòran." Mo jágbe mọ́ ọn pé bàbá tèmi gan-an ò gbọ́, ta ni mo máa kọ́? Inú ò bí i. Ó ní kí n mú bàbá yẹn wá, kí n fi í jókòó ti òun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

3,870. Bàbá gbà láti wá, bí ẹran bá wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

4,311! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Òdo sí òdo — kí n sọ ọ́ kó kúrò nílẹ̀. Àmọ́ Tek ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo nọ́ńbà márùn-ún nìkan." Terrell Oakes ni nọ́ńbà márùn-ún, ẹ̀yìn ló ń gbá, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kẹ́nikẹ́ni má kọjá. Iṣẹ́ tí Bàbá náà ṣe nìyẹn nínú bọ́ọ̀lù àgbésáré nílé ìwé, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó máa ń sọ ọ́ pé òun ò jẹ ayò kan rí, ẹnì kan ò sì pàtẹ́wọ́ fóun rí. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú, ó ti dìde. "Ẹ wo ọmọ yẹn! Ó ti débẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀!"

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde bí ìṣe wọn. Bàbá kọjú sí wọn. "Ibo lẹ ń lọ? Ilé yín ń jó ni? Ẹ jókòó jàre!" Wọ́n jókòó! Bọ́ọ̀lù wá kọjá aṣọ́lé wa, ó ń yí lọ sínú ilé, Oakes fò lulẹ̀, ó forí gbá a dànù. Ariwo tó sọ, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní pápá yẹn. Kódà àwọn bàbá arúgbó yẹn ṣèèṣì yin àgbá. Kò sẹ́ni tó lọ títí rẹfirí fi fọn fèrè.

Nínú mọ́tò, Bàbá ní, "A nà wọ́n." Mo ní ọ̀mì ni, Bàbá. Ó ní, "Ṣé wọ́n ríbi kọjá? A nà wọ́n." Mo sunkún díẹ̀ níbi iná pupa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sùn títí aago mẹ́wàá. Inú mi dùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀gá Mọ́tò pè mí láàárọ̀. Ó ti ta ẹgbẹ́.

Mo rò pé etí mi ló dì. Mo ní 4,311, ọ̀gá. Ó ní òun mọ̀, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi. Àwọn ará Boise wà lókè nínú yàrá onígíláàsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ta ló máa sanwó wo eré tí ẹnì kan ò ti jẹ ayò. Wọ́n wá rí àwọn ará Akron tí wọ́n ń hó fún òdo sí òdo. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fọwọ́ síwèé. "Ìwọ lo tà á, Connie," ó ní. Ó pè é ní ìyìn! Mo bi í pé ìlérí tó ṣe ńkọ́. Ó ní kò sí nínú ìwé.

Mi ò lè kọ ohun tí mo pè é síhìn-ín.

Ní aago mẹ́rin, Bàbá tẹ̀ mí láago. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ ṣì há. Ó ti sọ fún Stosh àti Lyle, àwọn tí wọ́n jọ ṣe táyà, wọ́n sì fẹ́ bá a lọ. Ó fẹ́ àga mẹ́ta fún gbogbo ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó tán.

Mo bi í pé ọwọ́ iwájú ni àbí ẹ̀yìn ilé góòlù. Ó ní ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tek. Mo kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.