Ṣé Kìnnìún La Fẹ́ Lọ Wò ní Ìlọrin, àbí Ẹbí?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa fún ohùn yín lókun. Ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀pin, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ dákun, ẹ má dárúkọ mi, torí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ń gbọ́ ètò yín.

Lọ́dún tó kọjá, a kó àwọn ọmọ lọ sí Ìlọrin fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n lè rí kìnnìún ní ọgbà ẹranko. A dé Ìlọrin, àmọ́ a ò dé ọgbà ẹranko. Ọkọ mi ní a kì í wọ̀lú ká má kí ẹbí. Bí a bá sì kí àbúrò bàbá rẹ̀, tí a ò kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Ilé mẹ́fà la yà. Gbogbo wọn ló ní ká jókòó jẹun.

Nígbà tí a padà dé, olùkọ́ ní kí ọmọ mi obìnrin ya ohun tó rí ní Ìlọrin. Àga ìjókòó mẹ́fà ló yà.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la tún ń lọ. Ara mi ò lélẹ̀ rárá. Mo jókòó, mo tún dìde. Mo ní ká gba ọgbà ẹranko lọ tààrà. Ọkọ mi ní, "Bí ẹnì kan bá wá rí wa níbẹ̀ ńkọ́?"

Lánàá, ọmọ yẹn gbé ìwé ìyàwòrán rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Màámi, ṣé kí n mú un dání, àbí àwọn àga yẹn náà la tún fẹ́ lọ wò?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí o. Kí ni kí n dá a lóhùn?