Íápíìsì Tuntun Tó Fẹ́ Gba Ṣọ́ọ̀bù Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àgùdà l'Ékòó níhìn-ín, nínú yàrá tí mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi Adéòtí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí sí ìyá wa létí, mo kí ẹ̀yin náà, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, kí wọ́n má bínú pé n kò wálé ọdún.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí lẹ́tà mi. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n kì í pa á jẹ, ebi ì báà máa pa wọ́n, wọ́n á rà á. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà. Àwọn òbí pọ̀ nílé tó ń ráhùn pé bí ọmọ àwọn bá ti dé Èkó, kì í dáhùn ìkíni mọ́, pé ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ó dáa, kí wọ́n gbọ́ tèmi náà.

Ara mi le. Òjò ni kò jẹ́ ká gbádùn. Ó ń rọ̀ láàárọ̀, ó ń rọ̀ nírọ̀lẹ́, omi á kún ojú títì débi pé ọwọ́ la fi ń gbé bàtà. Ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ bú u, torí súwẹ́tà ilé-ìwé là ń hun ní Pápá Àjàó, bí òtútù bá sì ti mú ọmọ, ìyá rẹ̀ á sáré wá bá wa. Ẹ mọ̀ pé mo ti gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, Ìyá Bísọ́lá, mo ti kúrò lọ́mọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Mo ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́ títí n ó fi rí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ṣófo, ó lẹ̀ mọ́ tiwa báyìí. Àlàájà tó ni ilé náà ti ṣèlérí pé èmi làwọn máa fún. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti sí níbòmíì. Mi ò lè kọjá níwájú ilẹ̀kùn yẹn kí n má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ tí a fi ń hun súwẹ́tà ń pariwo, Ìyá mi. Gàrà-gàrà, gàrà-gàrà, àárọ̀ dalẹ́. Ogiri la kọjú rẹ̀ sí, ẹ̀yìn la kọ sí ẹnu ọ̀nà. Èèyàn á wà láàárín èrò, àárò ilé á sì máa sọ ọ́. Ìdí rèé tí mi ò fi fi wọ́kúmáànù mi ṣeré, téèpù kékeré tí Ẹ̀gbọ́n fún mi nígbà tí mò ń bọ̀. Màá fi há ìbàdí, màá ki íápíìsì bọ etí, màá máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ gba ohùn yín sí, tí ẹ fi rán awakọ̀ sí mi. Ṣé ẹ rántí? Ẹ kí mi, ẹ kí ọ̀gá mi, ẹ kí onílé ṣọ́ọ̀bù wa àti gbogbo ará ilé, ẹ tún kí ewúrẹ́ onílé, bó bá ní. Adìẹ wa náà ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ dá nìkan sọ̀rọ̀.

Íápíìsì yẹn ti gbó. Fóòmù rẹ̀ ti ya, òwú súwẹ́tà ni mo fi so ìdí wáyà rẹ̀, ohùn yín á wọlé, á tún jáde. Bọ̀dé, tó ń ta ẹ̀yà rédíò ní òdìkejì títì, ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ayé ti lajú, pé èyí tó dé báyìí kì í lo fóòmù, rọ́bà ló wà lẹ́nu rẹ̀, inú ihò etí ló máa wọ̀ pátápátá. Kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n lò ó wò ná, pé bí mo bá lè dá a padà fún òun, a jẹ́ pé mi ò létí lórí.

Hàà, Ìyá mi! Bí mo ṣe fi í sétí báyìí, ariwo ẹ̀rọ kú. Pápá Àjàó dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Mo wá gbọ́ yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín nìkan o, mo gbọ́ bí ẹ ṣe mí kanlẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ara yín le. Èyí tó gbó ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ rí. Omijé bọ́ lójú mi sórí súwẹ́tà ọmọ ọlọ́mọ. Kí ló dé tí ẹ mí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mo bá pinnu pé ohun yòówù kó jẹ́, mi ò ní dá nǹkan yìí padà, mo ti ń ro ohun tí màá dín kù nínú oúnjẹ mi kí n lè rà á.

Àṣé wàhálà ni mò ń fowó rà. Ẹ ṣáà mọ àṣà wa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ là á kí. Bó ṣe wù kí àgbà tó ń kọjá dàgbà tó, òun ló máa kọ́kọ́ ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á sì dáhùn, abẹ́rẹ́ ì báà wà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àlàájà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa láràárọ̀ láti kí wa. Pẹ̀lú íápíìsì tó gbó, mo máa ń gbọ́ wọn, màá yíjú padà, màá kúnlẹ̀. Pẹ̀lú tuntun, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n dé, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n lọ. Ọ̀gá mi sì ti lọ sìnkú nílé wọn ní Ìjẹ̀bú lọ́sẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Àlàájà kí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dákẹ́. Wọ́n kí mi lọ́jọ́ kejì, mo tún dákẹ́, wọ́n ní mo tiẹ̀ ń mi orí bí ẹni tó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀gá mi ṣe ti Ìjẹ̀bú dé, Àlàájà pè wọ́n. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn ti di ẹni ńlá. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì gba kọ́kọ́rọ́ tí kò dá onílé lóhùn, bó bá gbà á tán, ṣé kò ní ní kí onílé kó jáde? Wọ́n ní obìnrin kan tó ń ta bàtà làwọn máa fún ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Ìyá mi o! Èmi ọmọ yín, tí ẹ kọ́ ní kíkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa! Ọ̀gá mi fà mí lọ́wọ́ lọ bá Àlàájà. Wọ́n ní tótó, ó ṣe bí òwe o, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, kí Àlàájà fún mi láyè kí n sọ tẹnu mi. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Àlàájà ní irọ́ ni. Wọ́n ní nǹkan tí kò ju ẹ̀pà lọ, báwo ló ṣe fẹ́ di etí géndé pa? Ni mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sétí ara wọn wò.

Wọ́n tú gèlè díẹ̀, mo bá wọn kì í bọ etí, mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ́kọ́ lejú. Àfi bí Àlàájà ṣe figbe ta, tí wọ́n ń dá yín lóhùn! Wọ́n ń pariwo pé àwọn dúpẹ́ o, pé ara ilé le, pé ewúrẹ́ ti di ẹran Iléyá. Gbogbo ayálégbé tú jáde. Bàbá Mùsùlùmí kan tó ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Àlàájà ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lọ. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ọ̀gá mi sọ ẹni tó kí wọn fún wọn, pé wọn ò dáhùn. Àlàájà wo íápíìsì náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín débi pé gèlè ṣubú. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní ìyá tó lè kí ẹni tí kò mọ̀ rí, tó tún kí ẹran rẹ̀, ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìkíni. Ìyá mi, ẹ ṣé. Ẹnu yín ló gbà mí sílẹ̀.

Mo dá íápíìsì padà fún Bọ̀dé. Ó ní òun ti sọ pé mi ò létí. Mo ní torí pé mo létí ni. Bóyá lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ ẹ́, màá ra irú rẹ̀, màá máa fi gbọ́ yín lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Lẹ́nu iṣẹ́, rárá o, èyí tó gbó tó mi.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì gba kọ́kọ́rọ́ o. Àlàájà ní ṣọ́ọ̀bù ti di tèmi, kò sí ẹlòmíì tó máa wọ̀ ọ́, àmọ́ èmi kọ́ làwọn máa fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ti pariwo títí, ẹni tó kí àwọn nínú kásẹ́ẹ̀tì ò gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n ní kí ẹ̀yin fúnra yín wá gbà á, kí àwọn lè kí yín padà lójú ara yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti búra pé ẹ ò ní dé Èkó láéláé. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà wá, kò ní hu ewu. Mo kí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, mo kí gbogbo agbo ilé lọ́mọdé lágbà, mo kí àwọn ará ìjọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Mopélọ́lá