Ọ̀bẹ Tó Ń Parí Oúnjẹ

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kọkànlá, 1983
Oníbàárà kan dá ọ̀bẹ àpò padà sí ìsọ̀ wa, irú èyí tí à ń pa dé sínú èkù rẹ̀. Tuntun ni, èmi ni mo pọ́n ọn. Ó ní kò fá irun apá òun. Mo bi í bóyá irùngbọ̀n wàràkàṣì ló fẹ́ fi gé. Régis, àbúrò mi, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ — lójú mi níbẹ̀. Inú bí mi, n kò lè jẹun ọ̀sán.

Bàbá máa ń sọ pé kí ọ̀bẹ tuntun gé búrẹ́dì láì tẹ̀ ẹ́ pa, ó ti tó. Ẹni tó rà á ni yóò pọ́n èyí tó kù bó ṣe bá ọwọ́ rẹ̀ mu.

Ìṣẹ́gun, 8
Ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ dé. Gbogbo ọ̀bẹ yóò máa mú bí abẹ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyàwó, nítorí bí Régis ṣe ń nù ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣe gudugudu méje. Ẹ lọ sinmi tó bá di oṣù tó ń bọ̀." Ìjókòó mi lẹ́bàá fèrèsé, nídìí òkúta ìpọ́nbẹ mi, tí Bàbá fi mí sí nígbà tí mo wà lọ́mọge — páálí ni wọ́n fẹ́ tò síbẹ̀. Kí ni kí n wá máa fọwọ́ mi ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 10
Òjò. Mo rántí Bàbá Àgbà lórí pákó rẹ̀ létí odò Durolle, ó dojú bolẹ̀ sókè òkúta tí omi odò ń yí, ó ń lọ ọ̀bẹ, ajá rẹ̀ sùn lé e lẹ́sẹ̀ kí òtútù má baà pa á. Òórùn ajá tútù yẹn. Àárò wọn ń sọ mí.

Àìkú, 13
Ọ̀dọ̀ Màmá. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, oúnjẹ kì í parí mọ́. Nígbà ayé rẹ̀, tó bá ti pa ọ̀bẹ rẹ̀ dé — pà! — gbogbo wa á dìde, bí oúnjẹ tilẹ̀ kún ẹnu. Ní báyìí a kàn ń ṣa èérún búrẹ́dì jẹ ni. Régis ní òun yóò mú ọ̀bẹ tí Ìyàwó pọ́n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò sì jókòó sí àga Bàbá. Màmá ní, "Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀." Ó bu ọbẹ̀ sí i fún un.

Ẹtì, 18
N kò bá Régis sọ̀rọ̀.

Àìkú, 20
Régis jókòó sí àga Bàbá. Ọ̀bẹ rẹ̀ gé sọ́séèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí n má purọ́, ó wù mí. Nígbà tó jẹun tán, ó pa á dé bíi ti Bàbá — pà! A dìde, àfi Màmá. Régis tún ọ̀bẹ náà ṣí: ẹnu rẹ̀ ti ká níbi tó ti gbá irin inú èkù. Ọmọdé ìlú wa pàápàá mọ̀ pé ìka la fi ń rọra pa ọ̀bẹ tó mú bẹ́ẹ̀ dé. Ariwo yẹn ni Régis ń wá.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kì í ṣe nítorí búrẹ́dì nìkan ni Bàbá kò fi jẹ́ kí tiẹ̀ mú jù. Ó fẹ́ kó lè dún.

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ àánú Régis ṣe mí. Ó ti ọ̀bẹ náà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ bá mi pọ́n ọn lọ́la. Orí òkúta yín ni o." Mo ní mo gbọ́.

Màmá lọ mú ọ̀bẹ Bàbá wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Iwájú mi ló gbé e sí, èmi obìnrin. "Odile, gé búrẹ́dì." Mo gé e. Kò tẹ̀ ẹ́ pa. Mo fi ìka sí i kí n rọra pa á dé, bí wọ́n ṣe kọ́ àwa ọmọbìnrin.

"Rárá o. Jẹ́ kó dún."

Mo jẹ́ kó dún. Màmá ló kọ́kọ́ dìde.