Má Tan Jẹnẹrétọ̀ Yìí

Télọ̀ olóríkunkun, àbúrò mi, ka ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ yìí kí o tó fọwọ́ kàn án.

Mò ń gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí o jáde, o ò tí ì jìnnà tí òòyì fi ń kọ́ wọn, wọ́n bì, wọ́n tún ń bi èmi ọmọ wọn pé ta ni mí. Mo sọ láàárọ̀ pé orí ń fọ́ gbogbo wa, o ní ọbẹ̀ mi ni. Ọbẹ̀ tí Màmá ò fẹnu kàn, torí wọ́n gbààwẹ̀! Mo jáde lọ pe ọkọ̀, orí mi fúyẹ́. Mo wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Èéfín ẹ̀rọ rẹ ni. Mo ní má gbé e wọ kọ́rídọ̀, o ní òjò á bà á jẹ́, pé fèrèsé kan ti tó. O wá fi í sílẹ̀ ní títan kí fáànù Màmá lè máa yí. O káre!

Mo ti pa á, mo ti ṣílẹ̀kùn. Má sùn síbẹ̀, bí o kò tiẹ̀ gbóòórùn kankan. Gbé e jìnnà sílé, kí o wá bá wa kí wọ́n yẹ ìwọ náà wò.

Bí òjò bá bà á jẹ́, wọ́n ń ta òmíràn. Màmá ńkọ́, ọjà wo lo ti fẹ́ ra irú wọn?