Rọ́bà Méjì Tí Mo Fi Sí Ọ Lẹ́nu

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọbìnrin yín. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín láìsí ẹ̀fọ́rí, láìsí ikọ́. Ara tèmi le, àfi orúnkún tó máa ń bá mi jiyàn nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní wọ́n ti so wáyà mọ́ eyín ọmọ yín, pé rọ́bà ló kù, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín kí n lè máa bá a fi í sẹ́nu láràárọ̀, nítorí ẹ̀yin méjèèjì máa ń tètè jáde lọ síbi iṣẹ́. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n n kò lè di ẹrù kí n tó sọ ohun kan tí o ti mọ̀, tí a kò jọ sọ rí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí wáyà wà ní eyín tìrẹ náà. Wáyà ti to eyín rẹ, ṣùgbọ́n tòkè ṣì yọ síwájú, tìsàlẹ̀ fà sẹ́yìn, wọn kì í pàdé bí o bá ń jẹun. Dókítà eyín fi dígí kékeré hàn wá: rọ́bà yóò kọ́ mọ́ eyín ṣóńṣó òkè, yóò nà dé èrìgì ìsàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fa tòkè sẹ́yìn, tí yóò sì máa fa tìsàlẹ̀ bọ̀ níwájú. Ó ní kí o máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru, àfi bí o bá ń jẹun tàbí tí o bá ń fọ eyín, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí pé ó máa ń dẹ̀.

Télọ̀ ni mí, mo rò pé kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ rọ́bà. Bí ìbàdí yẹ̀rì bá ń yọ̀, rọ́bà kejì ni mo máa ń fi kún un. Mo fẹ́ kí eyín rẹ tò kí o tó wọ ilé-ìwé girama, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pè ọ́ ní Ṣọ́bìrì bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń ṣe nítorí eyín tó yọ síwájú. Bí mo ṣe ń fi méjì méjì kọ́ ọ lẹ́nu lọ́tùn-ún àti lósì nìyẹn. O ní, "Mọ́mì, ó ń dùn mí." Mo ní, "Fara dà á, iṣẹ́ ló ń ṣe." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bá àwọn oníbàárà tó ń kán mi lójú wí nìyẹn o.

Láàárín oṣù méjì, eyín ṣóńṣó ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dókítà ya àwòrán egungun ẹnu rẹ, gbòǹgbò eyín náà ti kúrú. Ó béèrè pé, "Ta ló ń fi rọ́bà méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan?" Mo wo ilẹ̀. Ìwọ wo ojú mi, o ní, "Èmi ni, mà." Ó bá ọ wí gidigidi, ó ní olórí kunkun ni ọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo di báàgì mi mú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, orí tìrẹ sì wọ́.

Wọ́n yọ eyín náà níkẹyìn. Títí dòní, o máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí o bá ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí kunkun ló gba eyín lẹ́nu rẹ, èmi náà sì ti bá a rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí gan-an. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Ka ìwé yìí sétí ọkọ rẹ àti ọmọ yín. Bí ẹ bá gbọ́ tán, tí ẹ ṣì fẹ́ kí ọwọ́ mi kan ẹnu ọmọ yín, ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ kò bá fẹ́, n kò ní bínú.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ru ẹ̀bi ẹlòmíràn mọ́. Kò ní sí ìdí tí ọmọ rẹ yóò fi bò ọ́ láṣìírí bí ìwọ ti bò mí. Ẹ̀rín kò ní tán nílé yín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Àfikún: Mo lọ bá dókítà náà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti darúgbó, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní òun ti mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pé òun ń bá ọ wí kí ojú lè tì mí, kí n lè lanu. Ó ní òun dúró títí, n kò sọ nǹkan kan.